Caper inú ìgò kì í ṣe ọmọ ìyá caper ti ewúrẹ́

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìnáwó ọpọlọ. Ọ̀rọ̀ ojú ìwé ìdáná yín ni mo bá wá, ibi tí ẹ ti dá òǹkàwé kan lóhùn tó fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń pè ní caper. Èsì yín kò gùn, ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta ló wà níbẹ̀ tí n kò lè gbé mì. Ẹ ní hóró èso kan tó dà bí ata ni. Ẹ ní àwọn ewúrẹ́ òkè òkun ló fẹ́ràn rẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n fi orúkọ ewúrẹ́ pè é. Ẹ wá ní ewúrẹ́ tó bá jẹ ẹ́ yó a máa fò kiri, ibẹ̀ sì ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti mú un tí wọ́n fi ń pe fífò ayọ̀ àti eré àṣejù ní caper. Ìtàn náà dùn-ún gbọ́, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀.

Alásè ni mí. Ilé ìdáná hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Èkó ni mo ti kọ́ṣẹ́ nígbà ọmọge mi, lábẹ́ ọ̀gá kan tó jẹ́ ará Ítálì, ẹni tí kì í jẹ́ kí ìgò caper tán lórí pẹpẹ. Ní báyìí, ìsàlẹ̀ ibí ní Òkè-Ajé, Ìjẹ̀bú-Òde, ni ìsọ̀ mi wà. Mo ń sè fún ìyàwó, mo ń sè fún òkú àgbà, mo ń sè fún ìwúyè, tó bá sì di ọ̀sẹ̀ Iléyá, a kì í fojú kan oorun. Mo ní àwọn ọmọ iṣẹ́. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ló gé ojú ìwé yín, tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè ibi tí a ń kó àwo sí. Ohun tí ìwé ìròyìn bá tẹ̀ jáde, ọmọ iṣẹ́ máa ń gbà á gbọ́ ju ohun tí ọ̀gá rẹ̀ bá sọ lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kọ̀wé sí yín dípò kí n kàn fa bébà náà ya.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tó wà nínú ìgò. Caper kì í ṣe hóró, kì í ṣe èso. Òdòdó tí kò tíì tanná ni, ìrúdí òdòdó. Ẹni tó bá ní iyè méjì kó mú ọ̀kan jáde, kó fi omi ṣan iyọ̀ ara rẹ̀ kúrò, kó wá fi ṣóńṣó ọ̀bẹ là á ní òòró. Yóò rí i pé ewé òdòdó tẹ́ẹ́rẹ́ ló ká mọ́ra, ọ̀kan sínú èkejì, tó fún mọ́ra pinpin. Láàrin gbùngbùn, yóò rí àwọn okùn wẹ́wẹ́ tó ṣù pọ̀, tó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ojú rẹ̀ kò bá ríran dáadáa yóò nílò awò. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ lórí igi, àwọn okùn yẹn ni yóò yọ síta, tí yóò gùn, tí yóò sì ní àwọ̀ elésè àlùkò, pẹ̀lú ewé òdòdó funfun mẹ́rin tó yí wọn ká. Òdòdó tó lẹ́wà gidi ni, ṣùgbọ́n kì í ju ọjọ́ kan lọ tó fi ń rọ. Hóró ata tí ẹ fi wé, ẹ là á ní tirẹ̀, ẹ wò ó bóyá ẹ óò rí òdòdó níbẹ̀.

Igi rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ń pè ní Capparis spinosa. Igi kúkúrú ni, ó ní ẹ̀gún, ilẹ̀ tó yí òkun Mẹditaréníà ká ló sì pọ̀ sí. Inú pàlàpálá àpáta àti ògiri àtijọ́ ló fẹ́ràn láti máa hù. Ẹni tó bá ti lọ sí Jerúsálẹ́mù, tó sì dúró níwájú Ògiri Ìwọ̀-Oòrùn níbi tí àwọn Júù ti ń gbàdúrà, kó rántí àwọn ewéko tó yọ láàrin òkúta lókè orí wọn: caper wà lára wọn. Àwọn aláǹfààní ará Ìjẹ̀bú tó ti lọ sí Jerúsálẹ́mù kò kéré, mo sì mọ̀ pé púpọ̀ nínú wọn ló ti ya fọ́tò igi yìí láìmọ̀.

Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ká a, kò sí ẹ̀rọ tó lè ṣe é. Láti bí oṣù karùn-ún títí di oṣù kẹjọ, àwọn tó ń ká a máa ń jí lọ sí oko kí oòrùn tó mú. Bí òdòdó bá ti là, ọjà ti bàjẹ́ nìyẹn. Wọ́n máa ń padà sídìí igi kan náà léraléra, torí ìrúdí kì í yọ lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó bá kéré jù lọ ló wọ́n jù. Àwọn tí kò ju mìlímítà 7 lọ ni wọ́n ń fi èdè Faransé pè ní nonpareil, ìyẹn aláìlẹ́gbẹ́. Àwọn ńlá tó ju mìlímítà 14 lọ ni owó wọn rọjú jù. Èso igi náà wà lọ́tọ̀, ó ní ìrù, ó tóbi ju ìrúdí lọ fíìfíì, hóró wẹ́wẹ́ sì kún inú rẹ̀. Wọ́n ń fi òun náà sínú fínígà, àmọ́ orúkọ mìíràn ni wọ́n fi ń tà á. Bóyá òun lẹ rí tí ẹ fi ní hóró.

Bí a bá já ìrúdí yìí tútù, tí a jù ú sẹ́nu, kíá la máa tu ú dànù, torí ó korò. Iyọ̀ ló ń sọ ọ́ di oúnjẹ. Wọ́n á pò ó mọ́ iyọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á da omi tó jáde nù, wọ́n á tún fi iyọ̀ mìíràn sí i. Àwọn mìíràn ń fi omi iyọ̀ tàbí fínígà ṣe é. Ìbátan kábéèjì àti músítádì ni igi yìí, torí náà ìta díẹ̀ tó máa ń gun imú nínú músítádì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, iyọ̀ ló sì ń tú u sílẹ̀. Ọ̀gá mi máa ń yin ti erékùṣù Pantelleria, tó wà láàrin Sísílì àti Tùnísíà, níbi tí atẹ́gùn ti le débi pé igi kì í ga. Òfin Yúróòpù dáàbò bo orúkọ caper ti ibẹ̀, ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ fi orúkọ náà ta tirẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú ọjà lágbàáyé, Mòrókò àti Tọ́kì ló ti ń wá.

Iṣẹ́ tí irú ń ṣe nínú ọbẹ̀ wa ni caper ń ṣe nínú tiwọn: kì í ṣe òun ni oúnjẹ, àmọ́ bí kò bá sí níbẹ̀, ẹnu á mọ̀ ọ́n. Àwọn ará Ítálì ń fi í sínú ọbẹ̀ tòmátì pẹ̀lú ólífì dúdú àti ẹja wẹ́wẹ́ oníyọ̀. Àwọn ará Jámánì ń fi í sí ọbẹ̀ funfun tí wọ́n ń dà lé ẹran lílọ̀ róbótó. Ní gúúsù Faransé, wọ́n ń lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ ólífì, wọ́n ń pè é ní tapenade, torí tapeno ni wọ́n ń pe caper ní èdè ìbílẹ̀ wọn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní tiwọn ń bọ ẹran àgùntàn, wọ́n á wá fi caper se ọbẹ̀ tí wọ́n ń bù lé e lórí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹran àgùntàn yìí sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ wá síbẹ̀.

Ó wá ku orúkọ. Caper inú oúnjẹ, èdè Gíríìkì ló ti wá: kapparis. Àwọn ará Róòmù gbà á lọ́wọ́ wọn, Faransé gbà á lọ́wọ́ Róòmù, Gẹ̀ẹ́sì sì gbà á lẹ́yìn wọn. Nígbà tó kọ́kọ́ wọ èdè Gẹ̀ẹ́sì, s wà ní ìparí rẹ̀. Àwọn tó ń sọ ọ́ rò pé s yẹn ń tọ́ka sí ọ̀pọ̀ ni, wọ́n bá gé e kúrò kí wọ́n lè fi ìyókù pe ẹyọ kan. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ọ̀rọ̀ pease náà tó fi di pea. Kò sí ewúrẹ́ kankan lójú ọ̀nà yìí láti Gíríìsì dé London. Bí ewúrẹ́ bá rí igi caper, ó lè jẹ ẹ́, kí ni ewúrẹ́ kì í jẹ? Àmọ́ kì í ṣe òun ló sọ ọ́ lórúkọ.

Orúkọ Gíríìkì yìí wà nínú Bíbélì pàápàá, inú mi sì máa ń dùn láti fi han àwọn ọmọ iṣẹ́ mi. Ẹ ṣí ìwé Oníwàásù orí 12 ẹsẹ 5, níbi tó ti ń ṣàpèjúwe ọjọ́ ogbó, tí igi álímọ́ńdì ń tanná, tí tata sì di ẹrù wúwo. Lẹ́yìn èyí, ọ̀pọ̀ Bíbélì sọ pé ìfẹ́ ọkàn yóò kùnà. Ohun tó wà nínú èdè Hébérù níbẹ̀ ni orúkọ èso caper. Àwọn tó túmọ̀ Májẹ̀mú Láéláé sí èdè Gíríìkì láyé àtijọ́ kọ kapparis síbẹ̀ gan-an, àwọn Bíbélì òde òní kan sì ti dá a padà sí èso caper. Ohun tí Oníwàásù ń sọ yé alásè dáadáa: ọjọ́ ń bọ̀ tí ohun tó ń ta ẹnu jí kò ní ta á jí mọ́.

Caper kejì, ti eré àti fífò, òun ni ti ewúrẹ́. Òbúkọ ni caper nínú èdè Látìn. Láti ara rẹ̀ ni àwọn ará Ítálì ti rí capriola, ìyẹn fífò sókè bí ọmọ ewúrẹ́ tàbí àgbọ̀nrín ṣe máa ń ta pọ́n-ún láìsí ohun tó lé e. Àwọn oníjó ààfin ló kọ́kọ́ mú un lò, wọ́n á fò, wọ́n á gbọn ẹsẹ̀ lófuurufú kí wọ́n tó balẹ̀. Ìparí ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ló dé ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì gé e kúrú di caper. Ẹ ò rí i pé ọ̀nà méjì ni, tó wá pàdé ní orítá kan ṣoṣo.

Àwa ará Ìjẹ̀bú-Òde kò yẹ kó jẹ́ àwa la máa ṣi caper kejì yìí mọ̀, torí ojú wa ló ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọọdún. Àwọn ẹlẹ́ṣin náà gba capriola, wọ́n sì sọ ọ́ di ẹ̀kọ́ fún ẹṣin. Ní Vienna, ní orílẹ̀-èdè Ọ́sítríà, ilé ẹ̀kọ́ ìgẹṣin kan wà tí wọ́n ń pè ní ti Spain, níbi tí ẹṣin funfun ti ń fò títí tí pátákò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á fi kúrò nílẹ̀, tí á tún ta ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì sẹ́yìn kó tó balẹ̀. Ọdún gbọọrọ ni wọ́n fi ń kọ́ ẹṣin kan kó tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Ẹ wá wo tiwa ní Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá. Lẹ́yìn tí àwọn régberégbé bá ti kọjá tán pẹ̀lú aṣọ wọn tó ń dán yanran, ó kan àwọn ọmọ Balógun àti àwọn ìdílé ẹlẹ́ṣin yòókù. Àyè tí èmi máa ń dúró sí, nítòsí ibi tí a ń gbé kúlà oúnjẹ gbà, mo máa ń rí ọwọ́ ẹni tó wà lórí ẹṣin ju ojú rẹ̀ lọ. Ọwọ́ òsì ló ń ṣiṣẹ́. Á fa ìjánu díẹ̀, á tú u, á tún fà á, bẹ́ẹ̀ ni orúnkún rẹ̀ ń fún ìhà ẹṣin pọ̀. Ẹṣin á ká ọrùn mọ́ àyà, itọ́ funfun á máa kán lẹ́nu rẹ̀, ìdí rẹ̀ á lọ sílẹ̀ díẹ̀. Onígángan tó mọṣẹ́ á ti rí i, á kó ọ̀pá bo awọ, nígbà náà ni ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì á kúrò nílẹ̀, tí ṣaworo ọrùn rẹ̀ á máa ró wọnwọn. Ẹni tó ń di okùn ẹṣin mú nísàlẹ̀ kì í sá, á kàn yí èjìká sápá kan ni. Ẹṣin tiwa kì í gbé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bíi ti Vienna, àmọ́ ijó kan náà ni, ẹni tó bá sì rí i níwájú Ọba Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, Awùjalẹ̀ tó wà lórí ìtẹ́ láti 1960 títí tó fi wàjà ní 2025, ti rí caper tó ga jù lọ tí ojú lè rí. Bí ẹ bá fẹ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yẹn fún ọmọ Yorùbá, ẹṣin Ojúde Ọba ló yẹ kí ẹ mú wá, kì í ṣe ewúrẹ́ tó jẹ òdòdó yó.

Fífò ewúrẹ́ yìí tilẹ̀ dé ojú títì. Àwọn Faransé ní kẹ̀kẹ́ ẹṣin fúyẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì kan tó máa ń ta sókè sódò bó bá ń sáré. Wọ́n pè é ní cabriolet nítorí fífò náà. Àwọn ará London gé e di cab, orúkọ náà sì kúrò lára kẹ̀kẹ́ ẹṣin bọ́ sára takisí. Ẹ pe cab yẹn lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ wá rántí ohun tí a ń pe ọkọ̀ akérò tí kò ní ọ̀dà takisí lára ní Èkó.

Ó dá mi lójú pé ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé ni àṣìṣe náà ti wá. Ẹ rántí ẹran àgùntàn tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn. Nínú eré orí ìtàgé Shakespeare tó ń jẹ́ Twelfth Night, tó kọ ní nǹkan bí 1601, ọkùnrin kan ń fọ́nnu pé òun mọ caper í gé, ìyẹn ni pé òun mọ bí wọ́n ṣe ń fò nínú ijó. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ ọ̀mùtí dá a lóhùn pé òun náà mọ ẹran àgùntàn tó yẹ kó bá a lọ gé. Àwọn òǹwòran ayé ìgbà náà á ti rẹ́rìn-ín gan-an, torí ọbẹ̀ caper àti ẹran àgùntàn ni wọ́n ń jẹ nílé. Ẹ̀fẹ̀ náà kì bá tí dùn ká ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Torí pé ọ̀rọ̀ méjì ni, tí wọ́n kàn jọ dún bákan náà, ló ṣe pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Àwọn caper yòókù kò gba àlàyé púpọ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà sọ ti eré di ti olè: ìdìgunjalè tí wọ́n fi ọgbọ́n hùmọ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, àwọn oníṣe sinimá sì gbé e lọ. Òmíràn tún wà tó ti èdè àwọn ará Nẹ́dálándì wá ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ọkọ̀ ojú omi tí ìjọba fún láṣẹ láti máa gba ẹrù ọ̀tá lójú òkun. Ẹlẹ́kẹta nìyẹn, kò bá èyí tó ṣáájú tan rárá, ó sì ti di ohun ìgbàgbé.

Ohun tó mú mi kọ ìwé yìí gan-an ló kù tí mo fẹ́ sọ. Ẹ kọ ọ́ pé hóró ni caper. Ewéko kan wà tí àwọn Òyìnbó ń pè ní caper spurge, Euphorbia lathyris, tó máa ń hù bí èpò nínú ọgbà ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Èso rẹ̀ ní àwọ̀ ewé, ó sì jọ caper lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Oje funfun wà lára rẹ̀, májèlé ni. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ yóò bì, yóò sì máa ya ìgbẹ́ gbuuru. Àwọn ọmọ wa ń bẹ ní London, wọ́n ń bẹ ní Houston, wọ́n sì ń ka ìwé ìròyìn yín lórí fóònù láràárọ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá rí èso yìí lẹ́yìnkùlé, tó rántí pé ẹ ní hóró èso ni caper, tó ká a sínú ìgò fínígà ńkọ́? Caper gidi, ìrúdí òdòdó ni; ẹni tó bá là á, tí kò rí ewé òdòdó tó ká mọ́ra nínú rẹ̀, kó má fi kan ẹnu. Gbólóhùn yìí nìkan tó bá jẹ́ pé ẹ ní àyè fún nínú gbogbo ohun tí mo kọ, ẹ jọ̀wọ́, òun ni kí ẹ tẹ̀ jáde, ojú ìwé ìdáná kan náà sì ni kí ẹ fi í sí, kì í ṣe igun ìsàlẹ̀ níbi tí a kì í wò.

Fún òǹkàwé tó béèrè ìbéèrè náà: ìgò rẹ̀ wà ní àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá ní Èkó, ó wọ́n, àmọ́ ìgò kan á pẹ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ rẹ èyí tó wà nínú iyọ̀ sínú omi, ẹ pààrọ̀ omi náà títí iyọ̀ á fi dínkù, kí ẹ tó dà á sínú ọbẹ̀ nígbà tí ọbẹ̀ bá fẹ́ jinná. Ó bá ẹja díndín mu, pàápàá bí ẹ bá fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Ẹ má fi sínú ìkọ́kọrẹ́. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi fẹ́ dán an wò fún ìyàwó kan, mo ní rárá. Ẹja gbígbẹ àti edé ti fún ewùrà ní gbogbo iyọ̀ tó fẹ́, bí caper bá tún wọ̀ ọ́, ẹnu ò ní mọ èyí tí yóò tọ́ wò.

Èmi ni,
Alásè kan láti Òkè-Ajé,
Ìjẹ̀bú-Òde.